Àbúrò Mi Fẹ́ Wá Ya X-ray ní Ìlú Ọba: Ohun Tí Mo Sọ fún Un

Ohùn mi há díẹ̀ lónìí, torí iṣẹ́ òru ni mo ti dé láàárọ̀. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. A kì í ṣe ọmọ ìyá, ilé ìwé kan náà la jáde, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí internship rẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Ejẹ́ntì kan ní òun máa bá mi wá iṣẹ́ radiographer ní UK, àti iṣẹ́ àti físà. Mílíọ̀nù 4 náírà ló ní kí n mú wá, kí n kọ́kọ́ san ìdajì. Bàbá mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n san án?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn yẹn. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí i: "Má san kọ́bọ̀. Sọ fún bàbá kí wọ́n má tíì ta ilẹ̀. Màá pè ọ́." Nígbà tí mo wá rò ó dáadáa, mo rí i pé òun nìkan kọ́ ló ń bi irú ìbéèrè yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá sórí ètò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe, torí nínú ẹbí mi gan-an, àwọn kan ṣì ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Radiographer ni mí. Àwa là ń ya àwòrán inú ara: X-ray, CT, MRI, àti èyí tí a fi ń yẹ ọmú wò. Dókítà tó ń ka àwòrán náà, tó ń kọ ohun tó rí níbẹ̀, radiologist nìyẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún 5 la fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ni ọdún kan ti internship. Àjọ tó ń fún wa níwèé àṣẹ ni Radiographers Registration Board of Nigeria, òfin ọdún 1987 ló dá a sílẹ̀. Ìwé àṣẹ yẹn dára, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọjá omi, kò lè bá yín ṣiṣẹ́ mọ́ fúnra rẹ̀.

Ní UK, àjọ tó ń mójú tó wa ni Health and Care Professions Council, tí gbogbo èèyàn ń pè ní HCPC. Òfin ló ń dáàbò bo orúkọ radiographer níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé HCPC kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká má tíì wá sọ pé kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Gbogbo ayé ló sì lè wo ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá tí mo fẹ́ ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ orúkọ mi sórí fóònù rẹ̀ níbi tó jókòó sí, kó mọ̀ bóyá mo wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ejẹ́ntì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ejẹ́ntì kankan kò lè bá yín wọ inú ìwé HCPC. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ilé ìwé yín ló máa kọ ohun tí wọ́n kọ́ yín, ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ló máa jẹ́rìí yín. Àwọn tó jẹ́ radiographer bíi tiyín ló máa wá jókòó tì í, tí wọ́n á fi ohun tí ẹ kọ́ wé ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàwé lọ́dọ̀ wọn. Tí wọ́n bá rí àlàfo, wọ́n á wo ìrírí yín lẹ́nu iṣẹ́ bóyá ó lè dí i.

Ìwé ilé ìwé yẹn ló pẹ́ jù nínú tèmi. N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà. HCPC fẹ́ mọ gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láti ọdún kìíní dé ọdún karùn-ún: wákàtí mélòó la lò lórí rẹ̀, wákàtí mélòó ni mo lò pẹ̀lú aláìsàn. Mo lọ sí ẹ̀ka wa, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò wá. Mo tún lọ, wọ́n ní fáìlì wà ní ọ́fíìsì kejì. Mo tún lọ, kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ sí òkú. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń rìn ín, mo sì ń ti ibi iṣẹ́ wá ni o, mọ́tò wákàtí mẹ́ta ní àlọ. Nígbà tó yá, akọ̀wé àgbà kan tó mọ̀ mí láti kékeré wò mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, jókòó." Òun ló bá mi tẹ gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi sọ fún àbúrò mi nìyí pé kó lọ béèrè ìwé yìí nísinsìnyí tí wọ́n ṣì mọ ojú rẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá rí iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo ń ṣe tèmi, IELTS ni mo lò. Máàkì 7.0 lápapọ̀ ni wọ́n ń béèrè, kí ìkankan nínú rẹ̀ má sì lọ sísàlẹ̀ 6.5. Mo gbà 8 nínú ìgbọ́, mo gbà 6 nínú ìkọ̀wé, mo bá padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Èmi tí mo ti ń kọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́léósinmi! Ẹ kọ́ bí ìdánwò náà ṣe rí kí ẹ tó lọ, ẹ má gbójú lé pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ gan-an. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ gba èèyàn láti òkèèrè gbọ́dọ̀ ní àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba UK. Orúkọ gbogbo àwọn tó ní àṣẹ náà wà lórí ojúewé ìjọba, ọ̀fẹ́ ni láti wò ó. Iṣẹ́ inú NHS náà, orí ojúewé NHS Jobs ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ lè jókòó sí Ìkirè kí ẹ kọ̀wé sí i. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba UK ní kí àwọn ilé ìwòsàn wọn má lọ máa kó òṣìṣẹ́ ìlera jáde níbẹ̀, torí àwọn tí a ní kò tó wa. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé wá iṣẹ́, ìyẹn kò lódì. Ẹ wá ro ti ejẹ́ntì tó ní òun ń bá NHS kó èèyàn ní Nàìjíríà. Òfin UK pàápàá kò gbà kí ẹni tó ń báni wá iṣẹ́ gbowó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a. Tó bá fẹ́ gbowó, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni kó ti gbà á. Mílíọ̀nù 4 tí ọkùnrin yẹn ń béèrè, owó kí ni?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan san án, ó sì dé ibẹ̀." Bóyá ó dé. Ohun tó san owó lé lórí, ó lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Intafíù mi àkọ́kọ́, mo fẹsẹ̀ fà á. Orí kọ̀ǹpútà la ti ṣe é, mo wọ kóòtù, mo sì ti bẹ aládùúgbò wa kó má tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan. Wọ́n bi mí léèrè pé: dókítà kan kọ ìwé pé kí o ya CT fún aláìsàn kan, o wò ó, o rí i pé kò sí ìdí tó fi yẹ kí o yà á. Kí ni wàá ṣe? Mo ní màá yà á. Mo ní ọ̀gá dókítà ló kọ ọ́, òun ló mọ ìdí. Mo rí i tí obìnrin tó wà láàárín kọ nǹkan sílẹ̀, tó sì pa ìwé rẹ̀ dé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fèsì pé rárá.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀rọ kọ́ ló gbé mi ṣubú, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Ní ibi tí mo ti ń bọ̀, tí ọ̀gá dókítà bá sọ̀rọ̀, a ó ya àwòrán, ìyẹn náà ni. Ní UK, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní IR(ME)R, ti ọdún 2017. Òfin náà pín ẹrù. Ẹnìkan ló ń béèrè àwòrán. Ẹlòmíràn ló ń wò ó bóyá àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ju ewu ìtànṣán lọ. Ẹlòmíràn sì ló ń yà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, radiographer kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù méjì tó gbẹ̀yìn. Nítorí náà, tí mo bá ya àwòrán tí kò yẹ, n kò lè sọ pé "dókítà ló ní kí n yà á." Òfin á bi mí pé, "Ìwọ náà ń kọ́?"

Ìtànṣán X-ray, ẹ ò lè rí i, ẹ ò lè gbóòórùn rẹ̀, kò sì ń dunni. X-ray àyà ẹyọ kan kéré gan-an, kò ju ìtànṣán tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún wa fún ọjọ́ mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n CT inú lè tó ti ọdún díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í yà á bí ẹni ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí.

Kí n tó ṣe intafíù kejì, mo ka òfin yẹn, mo tún un kà. Nígbà tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó jọ ti àkọ́kọ́, mo ní màá pe dókítà náà, màá bi í ní ohun tó ń wá, màá sọ èrò mi fún un, tí kò bá sì sí ìdí, n kò ní yà á, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkàn mi ń mì tìtì bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n gbà mí.

Ó ku físà. Health and Care Worker ni wọ́n ń pè é, ọdún 2020 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹni tó bá sì ní in kò ní san owó ìlera ọdọọdún tí àwọn yòókù ń san. Òfin físà máa ń yí padà, nítorí náà ojúewé ìjọba ni kí ẹ kà, kì í ṣe ẹnu mi. Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè ṣàì sọ. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, X-ray àyà sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ wo radiographer tó wọ aṣọ aláìsàn, tó tò sórí ìlà ní Èkó. Ọmọkùnrin tó ya tèmi ní kí n fi àyà lé e, kí n gbé àgbọ̀n sókè, kí n ti èjìká síwájú. Mo mọ ìdí rẹ̀: kí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká lè kúrò lórí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní, "Ẹ fa èémí sínú, ẹ mú un dání." Mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó láti gbọ́ "ẹ máa mí lọ."

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni mo dé, sí ìlú kan ní apá àríwá Ẹ́ńgláńdì. Ọkọ mi àti ọmọ wa dé lẹ́yìn oṣù méje. Ti òtútù, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ti owó ni kí n sọ, torí òun lẹ ń dúró dè. Owó ọdún kan tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí jẹ́ 27,055 pọ́n-ùn, ìyẹn ìsàlẹ̀ Band 5 lọ́dún náà, ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ di náírà lọ, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni mo ń ná, n kò ná náírà. Tí wọ́n bá ti yọ owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti èyí tó kù, ohun tó ń wọ ọwọ́ mi lóṣù kan kò pé 1,800. Ilé gbà lára rẹ̀, ọkọ̀ gbà lára rẹ̀, màmá mi gbà lára rẹ̀. Ní Nàìjíríà, mo ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ẹ̀ka wa. Níbí, ọmọdébìnrin tí mo fi ọdún 10 jù lọ ló ń fi ọ̀nà tíátà hàn mí. Ó dára sí mi o, kò ṣe mí níbi. Ṣùgbọ́n ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀rọ kò le. Níbi tí mo ti ń bọ̀, a ó ti to aláìsàn sórí tábìlì, a ó ti wọ̀n ọ́n tán, iná á lọ. Níbí, ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwòrán ti wà lójú kọ̀ǹpútà, dókítà ti ń wò ó lókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun kan péré tó yà mí lẹ́nu ni aṣọ òjé. Wọ́n kọ́ wa nílé pé kí a máa fi òjé bo abẹ́ aláìsàn. Níbí, láti ọdún 2020, ìtọ́sọ́nà wọn ni pé kí a má ṣe é mọ́. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ ìsinsìnyí ń lò ti kéré, òjé náà sì lè bo ohun tí à ń wá, kó di pé a tún un yà. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó yéé nà sí ibi tí wọ́n fi aṣọ òjé kọ́.

Ẹnu ló le. Èdè wọn lákọ̀ọ́kọ́. Ìyá arúgbó kan sọ fún mi pé òun fẹ́ "spend a penny." Mo dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìtọ̀ ló fẹ́ tọ̀. Àwa tí a ń pe olè ní "ọmọ ń fẹ́wọ́," ó yẹ kí n ti fura pé àwọn náà ní àdàpè. Tàbí bàbá ẹni ọdún 83 tó ní kí n má pe òun ní Mister, kí n pe òun lórúkọ tí ìyá òun sọ òun. N kò lè ṣe é. Títí dòní, "sir" ni mò ń pè é tó bá wá, ó sì ti jọ̀wọ́ mi jẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ enu yìí ju àwàdà lọ. Ní oṣù kejì mi, mo jáde síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó, mo pe orúkọ kan. Ìyá kan dìde. Mo ní, "X-ray àyà lẹ bá wá, àbí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Dókítà yín ló ní kí ẹ wá?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, olólùfẹ́ mi. Mo mú un wọlé, mo tò ó. Ìgbà tí mo fẹ́ lọ tẹ bọ́tìnnì ni mo rántí pé n kò tíì béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní 1936. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi ni 1941. Orúkọ wọn jọra, orúnkún ni òun bá wá, etí rẹ̀ sì ti wúwo. Ẹni tí mo pè gan-an wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ fi orúkọ lé aláìsàn lọ́wọ́. Ẹ bi í pé, "Kí ni orúkọ yín? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín? Níbo lẹ ń gbé?" kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Torí ẹni tó ń ṣàìsàn, tí ẹ̀rù ń bà, tó sì fẹ́ tètè lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ sí gbogbo ohun tí ẹ bá wí. Bákan náà ni ìbéèrè oyún. Láti ọmọ ọdún 12 sí 55 la ń bi tí ìtànṣán bá máa kan abẹ́. Obìnrin ẹni ọdún 54 kan rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Nílé, ojú á tì mí láti bi ìyá ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Níbí, ojú kò gbọdọ̀ tì mí.

N kò tíì ya ìyá yẹn, ṣùgbọ́n òfin ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ sunkún. Mo rò pé wọ́n á dá mi padà sílé, torí mo mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dà níbi tí mo ti ń bọ̀: "Ta ló ṣe é? Ẹ pè é wá." Mo kọ ọ́. Ọ̀gá wa kà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo yàrá pé kí a béèrè ohun mẹ́ta náà kí aláìsàn tó jókòó. Wọn kò dárúkọ mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, mo ti rò ó bóyá kí n yọ ọ́ kúrò. Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, màmá mi ṣubú ní balùwẹ̀, ó fi ọwọ́ gba ara rẹ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin fi fọ́tò X-ray ránṣẹ́, ó gbé fíìmù náà sí fèrèsé, ó sì fi fóònù yà á. Ó ní dókítà sọ pé kò ṣẹ́, kí wọ́n máa fi òróró ra á. Mo wo ọrùn ọwọ́ màmá mi lórí fóònù, ní ẹ̀ka pàjáwìrì, láàárín ẹ̀rọ bílíọ̀nù. Àwòrán iwájú nìkan ni. Kò sí ti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ọdún kejì ní ilé ìwé wa mọ̀ pé eegun tí a bá fura sí, ọ̀nà méjì la ń yà á, torí ó lè ṣẹ́ sẹ́yìn kí iwájú má fi hàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe ọ̀gá mi àtijọ́, torí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti yà á. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ káàárọ̀ mà, ẹ má bínú." Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ ni ìyẹn? Mi ò mọ̀. Mo wà ní tíátà. Ọmọ internship ló yà á, ó ya ẹyọ kan, iná lọ, kò sí díísù. Àwọn èèyàn ti ń pariwo níta, ló bá fún wọn ní èyí tó wà." Wọ́n ní, "Èmi àti ọmọ internship méjì ló kù. Lẹ́yìn tí o lọ, bọ̀dá tó ń ṣe òru náà lọ sí Saudi."

N kò rí ohun sọ. Wọ́n ní, "Má dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ẹ jà. Ní kí wọ́n gbé ìyá padà wá ní aago mẹ́wàá, èmi fúnra mi ni màá yà á."

Wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́. Eegun náà ti ṣẹ́, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n tò ó, wọ́n fi POP dì í, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò. Ó ti ń gún iyán padà báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní kó má gún un.

Mo pe àbúrò mi lálẹ́ àná, mo sọ gbogbo èyí fún un, títí kan ti màmá mi. Mo ní kó lọ gba ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé ìwé, kó ka IR(ME)R bí ẹni ń múra ìdánwò, kó ṣiṣẹ́ ọdún méjì sí mẹ́ta nílé kí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dá ṣáṣá. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ lọ ni?" Mo ní rárá. Mo ní àmọ́ n kò tíì lè pe ọ̀gá mi yẹn láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ jókòó.

Ó béèrè bóyá ẹ̀ka náà ń gba èèyàn. Mo fún un ní nọ́ńbà wọn. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Ajé.

Ti ilẹ̀ bàbá rẹ̀, wọn kò tà á mọ́. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ làwọn fẹ́ gbìn sí i.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì kan tó padà sílé láti Kánádà ni màá gbà lálejò. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn ná. Ó dàbọ̀ o.